Kóńgò Ìyá Àgbà àti Ọba Ìwọ̀n ní Sèvres

Òṣùwọ̀n ìpìlẹ̀ nínú ìmọ̀ físíìsì ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ọmọ Yorùbá sọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ọjà ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Gàrí ni ìyá tí ó bí ìyá mi ń tà. Lọ́jọ́ kan, ó yá ẹnì kan ní kóńgò rẹ̀. Nígbà tí agolo náà padà dé, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò wá ìdí rẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti lù ú wọnú díẹ̀. Kò pariwo. Kóńgò mìíràn ni ó tọrọ, ó bu gàrí kún un, ó dà á sínú tirẹ̀, ìyókù sì dà sórí ẹní. Mo bi í pé, "Ìyá àgbà, ta ni ó wá wọn ìyẹn wò?" Ó ní kí n máa kó gàrí tí ó dà sílẹ̀.

Àwọn baba wa fi ìgbọ̀nwọ́ àti ìṣísẹ̀ wọn nǹkan, àwọn ará Yúróòpù náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tí ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, apá ta ni kí á wá gbà? Àwọn ọ̀mọ̀wé Faransé ní ọdún 1791 ní kí á fi apá ènìyàn sílẹ̀, kí á mú ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀, kí á pín ọ̀nà tí ó ti òpin àríwá dé agbede-méjì ayé sí mílíọ̀nù 10, kí á sì pe ọ̀kan ní mítà.

Kílógíráàmù gan-an ni mo fẹ́ bá yín jókòó tì. Ní ọdún 1889 ni wọ́n fi irin rìbìtì kékeré kan jọba ní Sèvres, lẹ́bàá Paris: platinum ni ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, iridium ni ìyókù, gíga àti ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 39. Ìgò mẹ́ta bò ó lórí, ọwọ́ ẹni mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ilé rẹ̀ sì wà. Bí ó bá ní oríkì, Awọnráyé-má-ṣeé-wọ̀n ni à bá máa kì í, nítorí iyekíye tí ó bá wúwo, òun náà ni kílógíráàmù kan.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n gbé e jáde, wọ́n fi í wé àwọn ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì bá ìyàtọ̀ tí ó tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù 20. Ṣé ọba ni ó fọn ni, tàbí àwọn ìránṣẹ́ ni ó sanra? Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn, nítorí bí ọba tilẹ̀ fọn, òfin ní kò fọn. Gbogbo ayé yòókù ni ó wúwo sí i. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè orí ẹní gàrí nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀, tí í rin mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni ó ti ń pinnu gígùn mítà láti ọdún 1983. Ní Versailles, ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2018, wọ́n dìbò pé kí kílógíráàmù náà fi irin sílẹ̀, kí ó rọ̀ mọ́ òǹkà Planck, iye kan nínú ìmọ̀ físíìsì tí kì í yí padà, tí ọwọ́ ènìyàn kò sì lè lù wọnú. Òfin náà sì múlẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2019.

Ọba àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ìgò rẹ̀ ní Sèvres, ṣùgbọ́n oríkì ti bọ́ lára rẹ̀: òun náà ti di ohun tí a lè gbé sórí òṣùwọ̀n.