Ìgbà Kì í Lọ bí Òréré: Ẹ̀kọ́ Ifá Lórí Ìyípadà Ayé



    

Àwọn baba wa ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí jẹ́rìí sí i. Igbó kìjikìji ni agbègbè Odigbo tẹ́lẹ̀. Kòkó dé, a ṣán igbó. Ọ̀nà márosẹ̀ dé, Ore sì di oríta tí ọkọ̀ Èkó, ti Benin, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti ń pàdé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ogun abẹ́lé dé Ore. Títí di òní ni a fi ń dárúkọ ìjà náà bí a bá fẹ́ sọ ohun tó le. Síbẹ̀, ìbọn dákẹ́, a tún ń ná ọjà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ni ó ní. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣíjú sókè, Èjì Ogbè ni; bí gbogbo rẹ̀ bá dojú dé, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni. Odù 256 ló lè ti ara ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo yọ. Kò sí awo tí ó lè pàṣẹ pé odù àná ni kó tún yọ lónìí. Kò sì sí odù tí ó jẹ́ ire pọ́ńbélé tàbí ibi pọ́ńbélé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dìbò, kí a lè mọ èyí tí ó bá wá. Bí ibi bá sì ni ìbò mú, a kì í ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ kúrò nílẹ̀ ká bú sẹ́kún. A óò béèrè pé: kí ni ẹbọ?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a mú relé. Ẹni tí ó kàn gba kámú, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ohun tí ayé yóò ṣe fún un. Ẹni tí ó rúbọ ti yọ lára ohun ìní rẹ̀, ó ti gbé e dé ibi tí Ifá ní kó gbé e dé, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀ láti tún bẹ̀rẹ̀. Ìrètí tí a ń wí kò ju èyí lọ.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà rí ìyípadà tó ju tiwa lọ. Ilé lọ, ẹbí lọ, a sì fún wọn ní orúkọ àjèjì. Nígbà tí èso igi ọ̀pẹ̀lẹ̀ ilé jìnnà sí wọn, wọ́n gé èèpo líle àgbọn, wọ́n fi í so ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èèpo yàtọ̀, odù kò yàtọ̀. Nígbà tí àjọ UNESCO fi Ifá kún àwọn ohun àjogúnbá pàtàkì fún gbogbo aráyé ní ọdún 2005, ìfaradà irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú Ifá dé ọ̀nà jíjìn.

Tiwa ńkọ́? Ewé tí awo ń já lẹ́yìnkùlé nígbà kan, a ń rìn jìnnà wá a báyìí. Láyé àtijọ́, ọmọ awo a máa gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, ó ní ilé ìwé, ó ní iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó gboyè yunifásítì ń dúró de iṣẹ́ tí kò tètè dé. Ìkanra kò ní dá igbó padà, èébú kò sì ní mú ọ̀dọ́ jókòó ti àgbà.

Nítorí náà, mo bẹ̀bẹ̀ ohun mẹ́ta. Kí olúkúlùkù ilé Ifá gbin ewé tí ó ń lò. Kí àgbà gba ọmọ awo láàyè láti gba ohùn ẹsẹ̀ Ifá sílẹ̀ sórí fóònù, níbi tí awo bá gbà á láyè. Àgbà tó bá wàjà láìkọ́ ẹnìkan, ó ti kó odù lọ. Kí àwa ọ̀dọ́ náà má ṣe ro pé fóònù tó. Ẹsẹ̀ ọ̀gá ni a ti ń kọ́ sùúrù.

Àwọn ohun kan wà tí ìyípadà kò gbọdọ̀ kàn: òtítọ́, ìmùlẹ̀ awo, àti ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá di mẹ́ta yìí mú lè yí ìyókù padà láìsọnù.

Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí ìgbà tuntun bá wa lórí ìdúró. Kí ẹbọ wa fín, kí ó dà. Ẹ̀mí yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Àṣẹ.