Ǹjẹ́ Orúkọ Rẹ Wà Nínú Ìwé?

Bíbélì kíkà: Ẹ́sírà 2:61-63

 

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ìgbèkùn Bábílónì dé, wọ́n kà wọ́n ní ìdílé-ìdílé. Àwọn kan ní ọmọ àlùfáà ni àwọn. Wọ́n wá orúkọ wọn nínú ìwé, wọn ò rí i. Wọ́n bá yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà! Ẹ kíyè sí i o, baba ńlá àwọn kan nínú wọn ti ń jẹ́ orúkọ ìdílé ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Arákùnrin kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú láti Áfíríkà, bi mí pé, "Pásítọ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn èèyàn mi?" Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ̀.

Èkíní, kọ ohun tí o mọ̀ sílẹ̀: orúkọ àwọn òbí rẹ àti ti àwọn òbí wọn, ọdún àti ìlú tí wọ́n bí wọn sí. Bi àwọn àgbà léèrè kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èkejì, máa padà sẹ́yìn, má fò. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni Amẹ́ríkà ń ka ènìyàn láti 1790, ó sì di ẹ̀yìn ọdún 72 kí wọ́n tó ṣí ìwé rẹ̀. Ti 1950, tí wọ́n ṣí ní 2022, ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Tó o bá dé 1900, 1880 ló kàn, torí iná ọdún 1921 ba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé 1890 jẹ́. Ìwé 1880 ló kọ́kọ́ sọ bí oníkálukú ṣe jẹ́ sí olórí ilé.

Ẹ̀kẹta, ya fáìlì ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Kọ ọdún, ìlú, ọjọ́ orí, iṣẹ́, àti ojú ìwé tí o ti rí i. Ọjọ́ orí lè yàtọ̀, wọ́n sì lè ṣi orúkọ kọ; bó o ṣe bá a ni kó o kọ ọ́. Orúkọ kan náà kò tó ẹ̀rí: wo ìyàwó, wo àwọn ọmọ, wo aládùúgbò. Ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni Bíbélì ń béèrè.

Ṣùgbọ́n tó o bá dé 1870, dúró díẹ̀. Ní 1850 àti 1860, orúkọ olówó ẹrú ni wọ́n kọ. Ní ti àwọn ẹrú, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara ni wọ́n kọ. Púpọ̀ jù lọ wọn kò ní orúkọ níbẹ̀. Wọ́n kà wọ́n bí ẹní ka ewúrẹ́! Ìwé 1870, lẹ́yìn òmìnira, ló kọ́kọ́ dárúkọ wọn. Ibẹ̀ ni arákùnrin wa ti rí baba ńlá rẹ̀, obìnrin kan àti ọmọ mẹ́rin lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹkún ló ń sun nígbà tó pè mí.

Nílé wa ńkọ́? Iye ènìyàn ni ìkànìyàn 2006 gbé jáde fún wa, kò gbé orúkọ jáde. Lọ bá àwọn àgbà ilé, lọ wo ìwé ìrìbọmi ní ìjọ àtijọ́ yín.

Ẹ̀yin ará mi, bóyá wọ́n ń kà ọ́ níbi iṣẹ́, wọn ò mọ orúkọ rẹ. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n! (Ìjọ: Àmín!) Ṣùgbọ́n ìwé kan ṣì wà, Ìwé Ìyè. Ọmọ pásítọ̀ kò ní torí bàbá rẹ̀ wọ ibẹ̀. Tí o kò bá dá a lójú, kúnlẹ̀ níbi tó o wà, kó o sì wí pé: Jésù Olúwa, dárí jì mí, kọ orúkọ mi. Àmín.