Kí Omi Tó Gòkè: Ta Ni Yóò San Gbèsè Ẹja àti Ẹran Igbó?

  

Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bàráàjì. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ bàráàjì tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí odò Ouémé, ní ìhà Dogo nílẹ̀ Kétu, ti ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn kan nínú wa ń fẹ́ ẹ nítorí iná. Àwọn kan ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí ilẹ̀. A kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí bóyá kí wọ́n kọ́ ọ tàbí kí wọ́n má kọ́ ọ. Ìbéèrè kan la gbé wá: bí omi bá gòkè, tí ó bo igbó, tí ó sì dínà mọ́ ẹja, ta ni yóò san gbèsè ẹran àti ẹja? Báwo ni yóò ṣe san án?

Ẹnì kan lè sọ pé, ẹ̀yin àgbà yìí náà, ṣé a ti gba owó ilé àti owó oko tán ni, tí ẹ fi ń bèèrè owó ọ̀bọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹran tí ọdẹ ń pa, ẹja tí ìyàwó apẹja ń yan tà, ewé àti egbò tí àwọn ìyá wa ń já létí odò, oúnjẹ ni wọ́n, owó iléèwé ọmọ ni wọ́n. Nígbà tí ìjọba bá ń ka ilé àti igi ọ̀pẹ, kò sẹ́ni tó ń ka ìwọ̀nyí, nítorí kò sẹ́ni tó ní ìwé wọn lọ́wọ́.

Kí a tó sọ ti ilé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti jẹ irú gbèsè yìí, tí wọ́n sì ti ń san án láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà lápá àríwá, odò kan wà tó ń jẹ́ Columbia. Kánádà ló ti ṣàn wá, ó sì gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà kí ó tó wọ òkun. Ẹja kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní salmon. Inú omi kékeré lókè ni wọ́n ti ń bí i. Á lọ sínú òkun, á dàgbà níbẹ̀, á tún gun odò padà lọ síbi tí wọ́n ti bí i gan-an, láti yé ẹyin kí ó sì kú. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn tí òyìnbó wá bá, ẹja yìí ni oúnjẹ wọn, òun náà ni ìsìn wọn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé kí bàráàjì tó dé, ẹja tó ń padà lọ́dún kan wà láàárín mílíọ̀nù 10 sí 16.

Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bàráàjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Bonneville parí ní 1938, wọ́n sì ṣe àtẹ̀gùn fún ẹja kí ó lè gòkè kọjá. Ṣùgbọ́n Grand Coulee, tí wọ́n parí ní 1942, ga tó mítà 168, wọn kò ṣe àtẹ̀gùn kankan sí i. Ẹja kò lè kọjá ibẹ̀ mọ́ títí dòní. Ní June 1940, kí omi tó bo Kettle Falls, ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ń pẹja, àwọn onílẹ̀ péjọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ 10 March 1957, wọ́n ti ilẹ̀kùn bàráàjì mìíràn tó ń jẹ́ The Dalles. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọ̀sọ̀rọ̀ omi Celilo, níbi tí ènìyàn ti ń pẹja láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, rì sábẹ́ omi.

Ìjọba ò kúkú dákẹ́. Ó ní òun yóò dá ẹja padà. Ó kọ́ ilé tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja, tí wọ́n ń sin ọmọ ẹja kí wọ́n tó tú u sínú odò. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìsàlẹ̀ odò, lẹ́bàá òkun, ni wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ jù sí. Òkè ni àwọn onílẹ̀ ń gbé, òkè ni wọ́n ti pàdánù. Ẹja tí wọ́n fi san gbèsè kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń pẹja tà ló kó o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ìyípadà dé ní 1980. Iléeṣẹ́ ìjọba kan ti wà láti 1937, Bonneville Power Administration, òun ló ń ta iná tí bàráàjì 31 ti ìjọba ń mú wá ní agbègbè náà. Ní 1980, ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé iléeṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹja àti ẹran igbó tí bàráàjì ti pa lára, kí ó dín ìpalára náà kù, kí ó sì mú wọn bọ̀ sípò. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ènìyàn méjì-méjì láti ìpínlẹ̀ mẹ́rin, láti kọ ètò náà sílẹ̀. Òfin sọ pé kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ bèèrè àbá lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ètò àkọ́kọ́ jáde ní 1982. Owó rẹ̀ ńkọ́? Inú owó iná ni. Ẹni tó bá tan iná sílé ń san díẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe owó ìrànwọ́ tí ìjọba lè sọ pé kò sí lọ́dún yìí.

Ti ẹran igbó, ọgbọ́n tí wọ́n dá dára kí ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n mú ilẹ̀ tí omi bò, wọ́n yan ẹran àti ẹyẹ bíi mélòó kan tó dúró fún àwọn yòókù, wọ́n wá bi ara wọn pé: báwo ni ilẹ̀ yìí ti dára tó fún wọn kí omi tó bò ó? Wọ́n fi dídára yẹn sọ ìwọ̀n ilẹ̀ di púpọ̀. Éékà kan tó dára pátápátá ni ìwọ̀n kan. Éékà méjì tó dára dé ìdajì, ìwọ̀n kan náà ni. Báyìí ni gbèsè ṣe di iye tó ṣeé kà. Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ iná á san owó, wọ́n á ra ilẹ̀ mìíràn, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ títí láé.

Ta ló wá ń tọ́jú ilẹ̀ náà? Èyí ló dùn mọ́ wa jù. Níbi púpọ̀, àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ni. Ní 1877, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lé ẹ̀yà Nez Perce kan kúrò nílẹ̀ baba wọn ní ìlà-oòrùn Oregon. Ní àwọn ọdún 1990, nítorí ilẹ̀ tí bàráàjì ti bò lórí odò Snake, iléeṣẹ́ iná san owó, àwọn Nez Perce sì gba ilẹ̀ padà lágbègbè náà, ó lé ní éékà 15,000. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ọ lónìí. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ìbọn gbà lọ́wọ́ wọn, apá kan rẹ̀ padà sọ́wọ́ wọn nítorí ẹran igbó. Ní 2010, iléeṣẹ́ náà àti ìpínlẹ̀ Oregon tún fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti dáàbò bo nǹkan bí éékà 17,000 ní àfonífojì Willamette.

Àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dán. Ìjà kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ lóye. Iléeṣẹ́ ní òun á san ìwọ̀n kan fún ìwọ̀n kan. Ìgbìmọ̀ ní rárá, méjì fún ọ̀kan ni. Kí nìdí? Ẹ wò ó báyìí: bí mo bá ba oko rẹ jẹ́, tí mo ra oko aládùúgbò rẹ fún ọ, oko méjì ló wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ló kù. A kò dá nǹkan kan padà, a kàn pààrọ̀ ọwọ́ ni. Bí ilẹ̀ tí wọ́n rà bá ti ní ẹran nínú tẹ́lẹ̀, ríra rẹ̀ kò fi ẹran kún ẹran.

Ti ẹja tún wà. Ní 1987, ìgbìmọ̀ ní kí ẹja tó ń padà ti mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ di mílíọ̀nù márùn-ún. Títí dòní, ọwọ́ kò tí ì tẹ̀ ẹ́. Ní 1992, irú salmon kan tí wọ́n ń pè ní sockeye, ẹyọ kan ṣoṣo ló padà dé adágún Redfish ní Idaho. Ẹyọ kan! Owó ò sì wọ́n wọn. Ohun tó ti bàjẹ́ pátá, owó nìkan kì í tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ wa fi máa ń tò ó ní Faransé pé éviter, réduire, compenser. Kọ́kọ́ yẹra fún un. Èyí tí o kò lè yẹra fún, dín in kù. Èyí tó ṣẹ́ kù ni kí o san. Sísan ló kẹ́yìn, kì í ṣe òun ló ṣíwájú.

Kí ló fún àwọn onílẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀rọ̀? Ìwé ni. Ní 1855, nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ̀tọ́ láti máa pẹja níbi tí wọ́n ti ń pa á wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀. Ní 1969, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, adájọ́ kan wo ìwé yẹn, ó ní ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìpín tó tọ́ sí wọn nínú ẹja kàn wọ́n lára. Ní December 2023, ìjọba àpapọ̀ bá ẹ̀yà mẹ́rin àti ìpínlẹ̀ méjì ṣe àdéhùn tuntun lórí salmon. Ní June 2025, ìjọba mìíràn ti dé, ó fagi lé e. Ṣé ẹ rí i? Ohun tó dúró lórí ìbuwọ́lùwé ẹnì kan, bí ẹni náà bá lọ, á bá a lọ. Òfin 1980 àti ìwé 1855 ṣì wà níbẹ̀.

Ó yá, ká padà sílé. Nangbéto, lórí odò Mono ní Tógò, kò jìnnà sí àwọn ará wa Ifẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, mẹ́gáwáàtì 65, lábẹ́ Communauté Électrique du Bénin tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ dá sílẹ̀ ní 1968. Adágún rẹ̀ lè fẹ̀ tó kìlómítà 180 níbùú lóròó bó bá kún. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Mono á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, omi iyọ̀ á wọ inú ọ̀sà ní ìhà Grand-Popo. Báyìí, omi bàráàjì ń ṣàn lẹ́ẹ̀rùn lójò, ọ̀sà kò níyọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, àwọn ẹja tó ń fẹ́ omi iyọ̀ sì ń sá sẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé ìpalára kì í dúró níbi tí ògiri wà? Ó ń bá omi lọ. Bí wọ́n bá dí Ouémé ní Kétu, ará Àjàṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ pé kò kan òun. Ìkún omi ọdọọdún ló ń kó ẹja wọ inú ihò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ Ouémé ń gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní whedo. Bí omi kò bá kún, kí ni wọ́n fẹ́ kó níbẹ̀?

A ní òfin. Òfin 98-030 ti ọjọ́ 12 February 1999 ní kí wọ́n yẹ ìpalára wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Agence Béninoise pour l'Environnement ló sì ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Àyè wà fún gbogbo ìlú láti péjọ, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ bó ṣe máa ń rí: ìwé á dé láti Kútọnu, á nípọn, Faransé inú rẹ̀ á le, wọ́n á fún wa lọ́jọ́ díẹ̀. Bí a kò bá ti ní ìwé tiwa lọ́wọ́, orí la óò máa mì.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fi ń bẹ yín.

Èkíní, ẹ jẹ́ ká kà á báyìí, kí omi tó gòkè. Kí àwọn ọdẹ sọ ibi tí ẹran ń gbé àti ibi tó ti ń mumi. Kí àwọn apẹja sọ irú ẹja tó wà, oṣù tó ń gòkè àti ibi tó ń yé ẹyin sí. Kí àwọn ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí baálẹ̀ àti mẹ́ẹ̀rì fọwọ́ sí i. Ohun tí a kò kà ṣáájú, a kò lè bèèrè rẹ̀ lẹ́yìn.

Èkejì, bí wọ́n bá kọ́ ọ, kí owó àtúnṣe wá láti inú owó iná, lọ́dọọdún, kí ó sì wọ inú òfin. Ká má gba àpò owó kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gé tẹ́ẹ́pù. Bàráàjì á máa ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún, àpò owó kan kò ní tó ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta, kí ibi tí wọ́n ti pàdánù jẹ́ ibi tí wọ́n ti máa san, kí ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó pàdánù. Bí igbó Dogo bá rì, kí wọ́n má fi igbó tó wà níbòmíràn san án fún wa lórí bébà. Kí àwọn ọdẹ wa ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, kí àwọn ìyá wa sì ní àga níbi tí wọ́n ti ń pín owó náà.

Àwọn àgbà ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Arọ kò lè sáré, ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ lákòókò, á ti kúrò lọ́nà. Wọ́n ti sọ fún wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká jókòó títí omi á fi kan ilẹ̀kùn. Kí Kétu, Sábẹ̀, Àjàṣẹ́ àti gbogbo ilé Odùduwà pẹ́, kí wọ́n gbó.