ẸNI TÍ A GBÉ SÓRÍ ÀGA, KÓ WÁ ṢÍRÒ FÚN WA
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùdìbò sọ ní Ìyìn-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn, ṣùgbọ́n ó nípọn.

Bí ìbò bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ yín wá. Wọ́n á ní: "Mo ti darí báńkì, mo ti darí kọ́ńpìnnì; iṣẹ́ aṣòfin ò lè ṣòro fún mi." Ẹ má lé wọn o. Òṣèlú kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀gbẹ́ni Tòkunbọ̀ Abírù ni ọ̀gá àgbà báńkì Polaris títí di oṣù kẹjọ 2020. Sẹ́nẹ́tọ̀ Báyọ̀ Òṣínówò ti kú ní oṣù kẹfà ọdún náà, ni APC bá fa Abírù kalẹ̀ fún àga Ìlà-Oòrùn Èkó. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, ó gba ìbò 89,204. Babátúndé Gbàdàmọ́sí ti PDP gba 11,257. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 100,461 ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ! Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n jókòó sílé. Ẹni tó jókòó sílé ti bá wọn yan ẹni tó wọlé, bó tilẹ̀ ń sọ pé òun ò dá sí i.

Àga Àárín Gbùngbùn Èkìtì tiwa ńkọ́, èyí tó kó Adó, Ẹ̀fọ̀n, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, Ìjerò àti Ìrẹ̀pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn pọ̀? Ní 2011, ACN ló gbà á, Babáfẹ́mi Ojúdù wọlé. Ní 2015, PDP gbà á, Fatimat Raji-Rasaki wọlé. Ní 2019, APC gbà á, Ọ̀pẹ́yẹmí Bámidélé, ọmọ Ìyìn níbí, wọlé. Ó tún wọlé ní 2023. Ọwọ́ yín ló ń gbé àga yìí kiri. Ohun tí ọwọ́ gbé síbì kan, ọwọ́ náà lè gbé e kúrò.

Ní kọ́ńpìnnì, àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ ń pe ọ̀gá àgbà jókòó lọ́dọọdún, kó wá ro owó fún wọn. Ta ló ní ìpín lára aṣòfin? Àwa ni! Abala 69 nínú òfin 1999 gbà wá láyè láti pè é padà, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí iye tó ju ìdajì olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ bá fọwọ́ sí i, kí a tó tún wá dìbò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ọjọ́ ìbò ló rọrùn jù.

Nítorí náà, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní, òfin wo lo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́? Èkejì, níbo la ó ti máa rí ọ lẹ́yìn ìbò? Ẹ̀kẹta, ọjọ́ wo lọ́dọọdún ni wàá wá ṣàlàyé owó iṣẹ́ àgbègbè wa ní gbangba? Kó má jẹ́ pé ìrẹsì ni ìdáhùn o. Ìrẹsì ọjọ́ kan kò lè bọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tí ẹgbẹ́ tiwa náà bá fà kalẹ̀, ẹ bi í bákan náà.

Ẹ gba káàdì yín. Ẹ jáde. Ẹ dìbò. Ẹ dúró ti ìbò yín títí wọn yóò fi kà á tán. Èkìtì kete, ire o!