Àwọn obìnrin mẹ́ta àti ọkọ̀ orí yìnyín



Ẹ mọ yìnyín tí ó máa ń bá òjò bọ́. Ní ilẹ̀ òtútù, omi a máa dì bẹ́ẹ̀, a sì le bí òkúta. Wọ́n ń fi ọkọ̀ sáré lórí rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní táyà. Irin mẹ́rin ni ó fi ń yọ̀. Ẹni méjì á tì í, wọn á sáré tete, wọn á bẹ́ sínú rẹ̀. Ó di ìsàlẹ̀ òkè! Eré rẹ̀ a máa ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan. Ẹni iwájú ń darí, ẹni ẹ̀yìn ni yóò dá a dúró.

Ní 2018, àwọn obìnrin Nàìjíríà gbé irú ọkọ̀ yìí lọ sí eré Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang, ní Kòríà ti Gúúsù. Ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan kò ṣe é rí níbẹ̀. Orúkọ wọn ni Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga. Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Eré ẹsẹ̀ ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Seun ti sáré fún Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ìlú olóoru ni Houston. Seun wá fi pákó kan ọkọ̀ kan fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Maeflower, ní ìrántí arábìnrin rẹ̀ tí ó kú. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń ti ọkọ̀ pákó náà. Owó ni ó le jù. Wọ́n tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kí wọ́n tó rí owó ọ̀nà àti àṣíborí.

Ní Pyeongchang, Ngozi ni ó gbé àsíá. Seun darí, Akuoma wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ 20 ni ó díje. Jámánì ṣe ipò kìíní. Mariama Jamanka, tí baba rẹ̀ wá láti Gáḿbíà, ni ó darí ọkọ̀ wọn. Nàìjíríà ṣe ipò 20.

Ẹlòmíràn á ní: “Ìgbẹ̀yìn kọ́ nìyẹn?” Ìgbẹ̀yìn ni, a kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó dé òpin. Ní 1988, ọkọ̀ àwọn ọkùnrin Jàmáíkà dojú dé lójú ọ̀nà ní Kánádà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé òpin.

Àwọn obìnrin méjì láti Tógò ti lọ sí eré Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ṣáájú, ní Sochi, ní Rọ́ṣíà, ní 2014. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.