Àkọsílẹ̀ Tí A Kò Rí: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Yàrá Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ní kí n wá sọ ohun tí mo kọ́ nídìí kọ̀ǹpútà ìjọba, nítorí pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ tún ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ṣe.

Ní 1983, lẹ́yìn tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo gba iṣẹ́ sí yàrá kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Benin. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Bendel ni Warri wà nígbà náà. 27 Oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Delta sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí mò ń wí kì í ṣe alágbèéká tí àwọn ọmọ wa ń gbé lé itan. Mainframe ni: ó gba odidi yàrá, ẹ̀rọ amúlétutù kò sì gbọ́dọ̀ kú níbẹ̀. System/360 tí IBM ti Amẹ́ríkà kéde ní 1964 ló sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Bí a ṣe ń to fáìlì

Fáìlì ni àkójọ àkọsílẹ̀. Ẹnì kan, àkọsílẹ̀ kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà tò wọ́n.

Èkíní ni alátẹ̀léra, tí a ń kọ sórí téèpù. Ó dà bí kásẹ́ẹ̀tì orin: bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin karùn-ún, ẹ gbọ́dọ̀ kọjá mẹ́rin àkọ́kọ́. Ó dára fún owó oṣù, nítorí gbogbo òṣìṣẹ́ ni a ó kàn lára.

Èkejì ni onítọ́ka. Ó dà bí ìwé orin ìjọ: ẹ wo atọ́ka, ẹ rí ojú ìwé, ẹ ṣí i. ISAM ni IBM kọ́kọ́ pè é. VSAM, tó dé ní àwọn ọdún 1970, ló gba ipò rẹ̀, àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá lágbàáyé sì ń lò ó títí di òní.

Ẹ̀kẹta ni tààrà. Ẹ̀rọ yóò fi nọ́ńbà ẹni náà ṣe ìṣirò, yóò mọ ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, yóò sì lọ síbẹ̀ láìbéèrè lọ́nà.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nílò kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ohun kan tí a fi ń dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Orúkọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ wo Táíwò àti Kẹ́hìndé: bàbá kan, ìyá kan, ọjọ́ ìbí kan. Orúkọ a sì máa yí padà: obìnrin lọ́kọ, ọkùnrin joyè, akọ̀wé kọ Adéwálé lónìí, ó kọ Wálé lọ́la. Ìdí nìyẹn tí BVN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, àti NIN, fi jẹ́ nọ́ńbà 11, tí kò sí ẹni méjì tó ń pín in lò.

Ìyá tó ń wá láti Warri

Gbogbo iṣẹ́ tí a bá gbé fún ẹ̀rọ ní ìlà àṣẹ tirẹ̀. JCL ni wọ́n ń pè é lórí ẹ̀rọ IBM. Ibẹ̀ la ti ń sọ fáìlì tí a ó lò, bóyá tuntun ni tàbí ti tẹ́lẹ̀, bóyá kí a tọ́jú rẹ̀ tàbí kí a pa á rẹ́. Ibẹ̀ náà la ti ń sọ ibi tí ìwé tó bá jáde yóò lọ: ẹ̀dà mélòó, kí a tẹ̀ ẹ́ kíákíá, tàbí kí a dá a dúró.

Opó kan ń wọ ọkọ̀ láti Warri wá sí Benin nítorí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò jáde. Ìgbà kẹta, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé èmi náà ti kú nínú ìwé yín ni?"

Ẹni tó lu káàdì ti gbé nọ́ńbà méjì síra wọn: 4712 ti di 4172. Ẹ̀rọ wá 4172, kò rí i, kò sì méfò. Ó kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé àṣìṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé owó nìkan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀. Ìwé àṣìṣe wà lórí ìlà ìdádúró, kò sì sí ẹni tó ń tú u sílẹ̀. Bó bá pẹ́, wọ́n á pa á rẹ́ kí àyè lè wà. Ní oṣù kẹrin ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ìyá náà wà lójú ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, èmi gan-an ni mo kọ ìlà àṣẹ tó dá ìwé àṣìṣe dúró. Mo rò pé mò ń dín ìnáwó bébà kù. Ẹ̀rọ ti wí tirẹ̀. Àwa ni a kò fetí sí i.

Ohun tó kan ẹgbẹ́ wa

A ní owó ìrànlọ́wọ́ fún opó àti ọmọ òrukàn. Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ lóhun mẹ́ta.

Lọ́nà kìíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ó bá kú, kí a má ṣe gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn.

Lọ́nà kejì, kí a tọ́jú ìran mẹ́ta. Nídìí téèpù, bàbá-bàbá, bàbá àti ọmọ là ń pè wọ́n: bí ọmọ bá bàjẹ́, bàbá yóò tún un bí. Kí ẹ̀dà kan wà ní ìlú mìíràn. Nígbà rògbòdìyàn Warri ní 1997 àti 2003, iná jó ilé, ìwé inú ilé kò sì lè yọ.

Lọ́nà kẹta, nígbà gbogbo tí a bá pín owó, kí a kọ orúkọ àwọn tí tiwọn kò jáde, kí ẹnì kan tí a mọ̀ gbà á lọ́wọ́, kó sì lọ wá wọn délé. Ẹni tó gbowó kò ní sunkún. Ìwé àwọn tí kò gbà ni kí a kọ́kọ́ kà.