Ìwọ̀n Tí Ó Yẹ Nínú Ìdánrawò Ìjà Ẹ̀ṣẹ́



 Àwọn ọmọ wa ń kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́, a kò sì lè wí pé kò kàn wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ dáhùn: nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ń kọ́ bí a ti ń gba ara ẹni lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́, báwo ni ó ti yẹ kí ìdánrawò rẹ̀ le tó?

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, tàbí kí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu baba wọn. Ní ọjọ́ náà ni Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà fún oyè àgbáyé ní Ìbàdàn, ní pápá Liberty, èyí tí a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Nígbà tí abala keje parí, àwọn tí ó wà lẹ́yìn Fullmer rí i pé ó tó gẹ́ẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí ó jáde fún ìkẹjọ. Ẹ kíyèsí èyí. Ní ọjọ́ ìjà, adájọ́ ìjà wà níbẹ̀, oníṣègùn wà níbẹ̀, olùkọ́ tí ó lè wí pé ó tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà òfin Queensberry ti ọdún 1867 ni ìbọ̀wọ́ ti di dandan, tí abala ìjà sì jẹ́ ìṣẹ́jú 3, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 1. Ṣùgbọ́n ní ibi ìdánrawò, ta ni adájọ́? Ọjọ́ ìjà kò pọ̀ lọ́dún. Ọjọ́ ìdánrawò ni ó pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni orí ọmọ ti ń gba ẹ̀ṣẹ́ tí ẹnìkan kò kà.

Àwa náà jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́, tí a ń bójútó eré ìdárayá, a máa ń yin ọmọ tí ó bá dúró gbọn-in nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ lé e lórí. A pe èyí ní ìgboyà. Ní òtítọ́, ohun tí ọmọ náà kọ́ lọ́dọ̀ wa ni kí ó di ojú, kí ó sì yí orí padà. Ẹni tí ó bá sì di ojú kò lè rí ẹ̀ṣẹ́ tí ń bọ̀. Àwọn baba wa wí pé, igi gańgańran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò kò jìnnà sí òwe yìí.

Àṣìṣe kejì ń bẹ ní òdìkejì. Olùkọ́ mìíràn, nítorí àánú, a máa ní kí àwọn ọmọ ju ẹ̀ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí ara wọn. Ọmọ tí a kọ́ báyìí rò pé òun ti mọ bí a ti ń yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí ó tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ẹ̀ṣẹ́ náà kì bá tí kàn án. Ọjọ́ ìjà ni yóò mọ̀ pé irọ́ ni a kọ́ òun.

Kí ni ó wà láàárín méjèèjì? Ohun 4 ni kí a yà sọ́tọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ́: ibi tí a dojú rẹ̀ kọ, ìyára rẹ̀, àìròtẹ́lẹ̀ rẹ̀, àti ìwúwo rẹ̀. Èkíní gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́: kí a dojú rẹ̀ kọ orí gan-an, láti ibi tí ọwọ́ ti lè dé e. Ìyára àti àìròtẹ́lẹ̀ ni kí a máa bù kún díẹ̀díẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni yóò wá, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á, tàbí kí ó yẹ orí, tàbí kí ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, kí ó má mọ èyí tí yóò wá nínú òsì àti ọ̀tún. Níkẹyìn, kí ó yẹ̀, kí ó sì dá tirẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìwúwo, kí ó má ju ìfọwọ́kàn lọ. A lè ṣe irú ìdánrawò yìí lójoojúmọ́ títí òógùn yóò fi bo ara, láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo gbogbo agbára rẹ̀, kí ó lọ lu àpò tí a so rọ̀. Àpò kò ní ọpọlọ.

Ní ti ìjà ìdánrawò, níbi tí ẹni 2 ti ń kọlu ara wọn, ó yẹ kí a ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1928 ni Harrison Martland, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn oníjà ẹ̀ṣẹ́ tí ìrìn wọn ti dà bí ti ọ̀mùtí, tí èrò wọn sì lọ́ra, nítorí ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ti gbà lórí. Ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ tí ó gbé ni ṣubú nìkan ni ó léwu. Àkójọ àwọn kéékèèké léwu pẹ̀lú. Àṣíborí a máa dá awọ ojú sí, ṣùgbọ́n kò lè dá ọpọlọ dúró kí ó má mì nínú agbárí.

Ẹ rántí ọdún 1974. George Foreman ń múra láti bá Muhammad Ali jà ní Kinshasa ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Nínú ìjà ìdánrawò ni awọ ti ya lókè ojú rẹ̀, a sì ní láti sún ìjà náà sí ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, níbi tí Ali ti gbé e ṣubú ní abala kẹjọ. Ali fúnra rẹ̀ a máa jẹ́ kí àwọn tí ń bá a dánra wò lù ú, kí ara rẹ̀ lè le. Ní ọdún 1984 ni a kéde àìsàn rẹ̀, èyí tí ó mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, tí ó sì gba ohùn rẹ̀. Àwọn oníṣègùn kò fi ohùn kan sọ ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí yóò fi ọmọ rẹ̀ dán an wò?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ìjà ìdánrawò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Kí a fi ọmọ kọ ẹni tí ìwọ̀n àti ìmọ̀ wọn bára mu. Kí ẹni tí ó lágbára kọ́ bí a ti ń mú ọwọ́ fúyẹ́. Kí olùkọ́ dúró bí adájọ́. Bí ojú ọmọ kan bá sì ṣú díẹ̀, kí ó parí fún ọjọ́ náà, kí ọmọ náà má sì padà wá títí oníṣègùn yóò fi gbà á láyè, nítorí ẹ̀ṣẹ́ kejì lórí ọpọlọ tí kò tíì san lè pa ènìyàn.

Nínú ìjàkadì àwọn baba wa, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí. Wọ́n mọ ìwọ̀n. Àwọn náà ni wọ́n wí pé, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ̀yin ni a máa ń pè láti wá fi ife ẹ̀yẹ fún ọmọ tí ó borí. Nígbà mìíràn tí a bá pè yín, kí ẹ tó nawọ́ ife náà, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ pé: ní ọjọ́ tí kò sí òǹwòran, ta ni ń ṣọ́ orí ọmọ yìí?